Átọ́ọ̀mù Kì Í Darúgbó

Ní agbègbè Ìsàrun, tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́, ihò àpáta kan wà nínú igbó tí wọ́n ń pè ní Ihò Eléérú. Iwo Eleru ni àwọn ìwé àtijọ́ kọ ọ́ sí. Ní ọdún 1965, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ wa ilẹ̀ ibẹ̀, wọ́n sì kan egungun ènìyàn kan. Kò sí ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú náà, kò sí owó, kò sí àmì ìdílé kankan. Arọ́kin tó mọ ìtàn jù lọ nílẹ̀ Yorùbá kò lè ki ẹni náà ní oríkì. Àmọ́ èédú wà nínú erùpẹ̀ tó yí i ká, igi tí iná ti jó láyé ìjọ́un. Èédú yẹn ni wọ́n gbé lọ sí yàrá àyẹ̀wò, òun ló sì jẹ́rìí pé ó tó nǹkan bí 13,000 ọdún tí wọ́n ti tẹ́ ẹni náà sílẹ̀. Ó wà lára egungun ènìyàn tó pẹ́ jù lọ tí a tíì rí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Báwo ni èédú ṣe mọ ọdún kà? Láti òkè ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́ lókè réré, ìtànṣán tó ń ti òfurufú wá ń kọlu náítírójìn láìsinmi, díẹ̀ nínú rẹ̀ a sì di kábọ́ọ̀nù 14, ẹ̀yà kábọ́ọ̀nù kan tó wúwo ju èyí tó wọ́pọ̀ lọ. Kò pọ̀ rárá. Nínú tírílíọ̀nù kan átọ́ọ̀mù kábọ́ọ̀nù tó wà nínú afẹ́fẹ́, bí ẹyọ kan ṣoṣo ni. Ewé a fà á mọ́ afẹ́fẹ́, ewúrẹ́ a jẹ ewé, ènìyàn a jẹ ewúrẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀mí bá ṣì wà, bí ọ̀kan ti ń lọ ni òmíràn ń wọlé. Ọjọ́ tí igi bá wó tàbí tí ènìyàn bá kú, kò sí èyí tó tún ń wọlé mọ́, èyí tó wà nílẹ̀ yóò sì máa padà di náítírójìn díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn 5,730 ọdún, ìdajì rẹ̀ ló kù. Lẹ́yìn 5,730 ọdún mìíràn, ìdajì ìdajì yẹn. Nínú èédú Ihò Eléérú, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ló ṣẹ́ kù. Bí a bá kà á bẹ́ẹ̀ ṣáá, ọdún náà yóò lé díẹ̀ ní 11,000. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ìgbà náà ní kábọ́ọ̀nù 14 ju ti òde òní lọ, nígbà tí a bá sì ṣírò ìyẹn mọ́ ọn, ó di nǹkan bí 13,000.

Willard Libby ló kọ́kọ́ rí ọ̀nà tí a fi lè ka èyí, ní Chicago, lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì. Kí ó lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni, ó mú igi láti inú ibojì àwọn ọba Íjíbítì tí ìtàn ti mọ ọjọ́ wọn, ó sì rí i pé ẹ̀rí igi àti ẹ̀rí ìtàn bá ara wọn mu. Ní 1960, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel. Mo kí Libby kú iṣẹ́. Olódùmarè, tó ti fi ìṣirò yìí sínú igi kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ọ́n kà, ni mo fẹ́ yìn níhìn-ín.

Àsìkò tí ìdajì àwọn átọ́ọ̀mù onítànṣán fi ń yí padà, òun ni à ń pè ní àsìkò ìdajì, ó sì yẹ kí ó yé wa dáadáa, nítorí inú rẹ̀ ni ìyanu náà wà. Ẹ kó ẹgbẹ̀rún kọ́bọ̀ àtijọ́ jọ, irú èyí tó ní àmì orílẹ̀-èdè wa ní ojú kan. Ẹ dà wọ́n sílẹ̀, kí ẹ ṣa gbogbo èyí tí àmì yẹn dojú sókè kúrò. Nǹkan bí 500 ni yóò kù. Ẹ tún da èyí tó kù: bí 250. Ẹ tún un dà: bí 125. Kò sí ẹni tó lè na ìka sí kọ́bọ̀ kan kó ní èyí ni yóò jáde lẹ́ẹ̀kẹta, síbẹ̀ iye tí yóò kù fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú. Bí iye wọn bá ti ń pọ̀ sí i ni ìdánilójú yẹn ń lágbára sí i. Nínú gíráàmù kan ṣoṣo yùréníọ̀mù 238, irin onítànṣán kan, átọ́ọ̀mù tó wà níbẹ̀ ju bílíọ̀nù lọ́nà tírílíọ̀nù méjì lọ. Nǹkan bí 12,400 nínú wọn ló ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, lónìí, lọ́la, lọ́dún tó ń bọ̀, ìṣirò náà kì í tàsé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń bà mí lẹ́rù nìyí. Kọ́bọ̀ tó yè lẹ́ẹ̀kẹsàn-án kò gbó ju èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dà lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni átọ́ọ̀mù. Gbogbo ohun tí ojú wa mọ̀ láyé ló ń gbó. Aṣọ ń ṣá, irin ń dípẹtà, ẹni àádọ́rùn-ún ọdún mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé ilẹ̀ ti ń ṣú. Átọ́ọ̀mù yùréníọ̀mù kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èyí tó ti wà kí ayé yìí tó dúró, tó ti la bílíọ̀nù ọdún mẹ́rin àti ààbọ̀ já, kò sún mọ́ òpin rẹ̀ ju èyí tó dé lánàá lọ. Kò sí àmì kankan lára rẹ̀ tí a lè wò kí a sọ pé ó di ọ̀la, tàbí pé ó di bílíọ̀nù ọdún sí i. Ẹ fi iná sun ún, ẹ gbé e sínú yìnyín, ẹ fi òkè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ sínú ásíìdì: kò ní yá, kò sì ní pẹ́ sí i. Títí di ìṣẹ́jú tó yí padà gan-an, bí ó ti wà lọ́jọ́ kìn-ín-ní ló wà.

Àwọn onímọ̀ ń sọ pé kò sí ohun tó ń yan ọjọ́ fún átọ́ọ̀mù kan, pé ó kàn ń ṣẹlẹ̀ ni. Èmi kò bá wọn jiyàn, ìṣirò wọn gún régé. Ohun tí mo rí ni pé Ọba Adẹ́dàá fi ọjọ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan pamọ́ pátápátá, tó bẹ́ẹ̀ tí ọlọ́gbọ́n kankan kò lè yọjú wò ó, ó sì fi ètò àpapọ̀ wọn hàn gbangba débi tí akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé gíga lè fi kálámù àti bébà ṣírò rẹ̀. Ohun méjì yìí nínú ohun kan náà! Ẹni tó bá lè wo èyí tí àyà rẹ̀ kò já, n kò mọ ohun tó tún lè yà á lẹ́nu.

Ọmọ aráyé kò sì tètè mọ̀. Ní Paris, ní oṣù kejì ọdún 1896, Henri Becquerel gbé iyọ̀ yùréníọ̀mù lé gíláàsì fọ́tò tó ti fi bébà dúdú wé, ó ń retí pé oòrùn yóò ràn sí i. Ojú ọjọ́ ṣú fún ọjọ́ mélòó kan, ó bá kó gbogbo rẹ̀ sínú dúróà. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹta, ó fọ fọ́tò náà bẹ́ẹ̀, àwòrán iyọ̀ yẹn sì hàn ketekete lórí rẹ̀. Oòrùn kankan kò kàn án. Láti inú ara rẹ̀ ni ìtànṣán náà ti jáde. Lẹ́yìn ọdún méjì, Marie Curie àti Pierre ọkọ rẹ̀ rí polóníọ̀mù àti rédíọ̀mù. Ìyá yìí ro òkúta nínú abà tí òjò ń jò wọ̀, tọ́ọ̀nù lórí tọ́ọ̀nù, kó tó rí ìdá kan nínú mẹ́wàá gíráàmù iyọ̀ rédíọ̀mù kó jọ ní 1902.

Ẹni tó kọ́kọ́ rí ètò ìdajì náà ni Ernest Rutherford, ní Montreal, ní Kánádà. Ó ṣàkíyèsí pé tọ́ríọ̀mù ń yọ gáàsì kan tó ń tan ìtànṣán. Ó gbá gáàsì yẹn jọ, ó sì ń wọn agbára rẹ̀ bí àsìkò ti ń lọ. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, agbára náà di ìdajì. Ìṣẹ́jú kan sí i, ìdajì ìdajì. Òun àti Frederick Soddy wádìí ọ̀rọ̀ náà dé gbòǹgbò, wọ́n sì rí i pé ohun kan ń di ohun mìíràn lójú wọn. Gbogbo onímọ̀ kẹ́mísírì ìgbà náà ló ti gbà pé irú rẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀ láéláé. Ó ti ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé yùréníọ̀mù 238 lọ sí ibi tó ń lọ. Àsìkò ìdajì tirẹ̀ jẹ́ bílíọ̀nù mẹ́rin ọdún àti nǹkan bí 470 mílíọ̀nù. Nígbà tí ọ̀kan bá yí padà, kì í dúró lójú kan. Ó di tọ́ríọ̀mù, ó tún yí, ó tún yí, ìgbà mẹ́rìnlá, kó tó di òjé, níbi tó ti sinmi pátápátá. Lójú ọ̀nà yẹn, ó di rédíọ̀mù, tí ìdajì rẹ̀ ń gba 1,600 ọdún. Ó di rádọ́ọ̀nù, gáàsì tí ìdajì rẹ̀ kì í pé ọjọ́ mẹ́rin. Ó di polóníọ̀mù 214, tí àsìkò ìdajì rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ojú tó ṣẹ́, ó ti lọ. Lórí ìlà ìran kan ṣoṣo, a rí èyí tó pẹ́ tó ayé àti èyí tí kò pẹ́ tó ìṣẹ́jú tí a fi ń pe orúkọ rẹ̀. Kò sí èyí tó ń kánjú nínú wọn, kò sì sí èyí tó ń lọ́ra. Olúkúlùkù ń tẹ̀lé òdiwọ̀n tirẹ̀.

Nítorí pé òjé ni ìparí rẹ̀, àpáta pàápàá ní ọjọ́ orí tí a lè kà. Irú òkúta kékeré kan wà tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní zircon, ó máa ń wà nínú àpáta líle bí irú ti Òkè Ìdànrè. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò tóbi ju hóró iyanrìn lọ. Nígbà tí òkúta tó ti yọ́ bá ń tutù tí zircon ń dì, ó máa ń gba yùréníọ̀mù mọ́ra, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má gba òjé rárá. Nítorí náà, òjé tí a bá bá nínú rẹ̀ lónìí, inú rẹ̀ ni wọ́n ti bí i. Ẹ ka òjé, ẹ ka yùréníọ̀mù tó kù, ọjọ́ orí àpáta náà yóò jáde. Ọ̀nà yìí ni a fi mọ̀ pé irú àpáta tí Ìdànrè jẹ́ ti dì ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Zircon kan wà ní Jack Hills ní Ọsirélíà tó ti pé bílíọ̀nù 4.4 ọdún. Mo máa ń rò ó pé ẹni tó bá gun Òkè Ìdànrè, tó jókòó lókè níbi tí àwọn baba ńlá gbé tẹ̀dó, orí àìmọye ẹ̀rí báyìí ló jókòó lé.

Ọjọ́ orí ayé fúnra rẹ̀ ńkọ́? Clair Patterson, ọmọ Amẹ́ríkà, ló rí i. Ó ka òjé inú irin tó já bọ́ láti òfurufú sí Arizona láyé àtijọ́, ìdáhùn tó sì tẹ̀ jáde ní 1956 ni bílíọ̀nù 4.55 ọdún. Iṣẹ́ náà pọ́n ọn lójú, nítorí òjé ìta ń dà wọ inú iṣẹ́ rẹ̀ ṣáá. Ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé èéfín mọ́tò ti fi òjé ba afẹ́fẹ́ gbogbo ayé jẹ́, ó sì jà fitafita títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ òjé kúrò nínú epo bẹntiróò. Bó ṣe lọ wá ọjọ́ orí ayé ló fi gba àìmọye ọmọdé sílẹ̀.

Ẹ wá fi ìṣirò méjèèjì yẹn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ọjọ́ orí ayé fẹ́rẹ̀ẹ́ bá àsìkò ìdajì yùréníọ̀mù 238 dọ́gba. Ìyẹn ni pé nínú gbogbo èyí tí Ẹlẹ́dàá fi sínú ilẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, nǹkan bí ìdajì ló ṣì wà. Ooru tó ń jáde lára yùréníọ̀mù, tọ́ríọ̀mù àti pòtásíọ̀mù bí wọ́n ti ń yí padà tó nǹkan bí ìdajì ooru tó ń ti inú ilẹ̀ wá. Ká ní wọ́n yára ni, inú ayé ì bá ti tutù tipẹ́. Ìlọ́ra wọn ló mú kí abẹ́ ilẹ̀ ṣì gbóná lónìí, tí òkè oníná ṣì ń yọ iná, tí àwọn òkè ńlá ṣì ń dìde.

Àbúrò yùréníọ̀mù 238, ìyẹn yùréníọ̀mù 235, yára jù ú lọ. Ìdajì tirẹ̀ ń gba 704 mílíọ̀nù ọdún péré, èyí tó kù nínú rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún èyí tí ayé fi bẹ̀rẹ̀. Ní 1972, àwọn ará Faransé rí i pé yùréníọ̀mù tí wọ́n wà ní Oklo, ní orílẹ̀-èdè Gabon, ní yùréníọ̀mù 235 tó jẹ́ 0.717 nínú ọgọ́rùn-ún dípò 0.720 tó wà níbi gbogbo. Ta ló lo èyí tó dín? Ìwádìí fi hàn pé ní nǹkan bí bílíọ̀nù méjì ọdún sẹ́yìn, nígbà tí yùréníọ̀mù 235 ṣì pọ̀ tó, iná átọ́míìkì ti ràn níbẹ̀ fúnra rẹ̀ nínú òkúta, pẹ̀lú omi ilẹ̀. Bí ó bá gbóná jù, omi a gbẹ, iná náà a rọlẹ̀. Bí ó bá tutù, omi a padà, iná a tún ràn. Ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún ló fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìsí olùtọ́jú, kò sì bú gbàmù. Ohun tí àwọn orílẹ̀-èdè ńlá fi ẹnjiníà àti owó rẹpẹtẹ ṣe ní ọ̀rúndún tó kọjá, Olódùmarè ti ṣe é parí nílẹ̀ Áfíríkà kí ẹranko kan tó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé nítorí pé ó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run, a lè máa fi ṣeré. Ìwé tí Marie Curie fi ń kọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣì ń tan ìtànṣán dòní, inú àpótí olójé ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí ní Paris. Ní Goiânia, ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1987, àwọn tó ń ṣa irin kiri tú ẹ̀rọ ìtọ́jú kan tí wọ́n pa tì nínú ilé ìwòsàn tó ti kó kúrò. Ìyẹ̀fun kan wà nínú rẹ̀ tó ń tàn búlúù nínú òkùnkùn. Ó wù wọ́n. Wọ́n bù ú fún ẹbí, fún ọ̀rẹ́, fún aládùúgbò, bí ẹni ń pín ohun iyebíye. Sísíọ̀mù 137 ni, tí ìdajì rẹ̀ ń gba ọgbọ̀n ọdún. Ènìyàn mẹ́rin kú, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́fà wà lára wọn, wọ́n sì yẹ ara ènìyàn tó lé ní 100,000 wò. Wọn kò mọ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn. Ìbẹ̀rù àti ìmọ̀ ni a fi ń sún mọ́ irú nǹkan yìí.

Ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n lò, ìwòsàn ni. Ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ní ẹ̀ka tó ń lo irú èròjà yìí fún àwọn aláìsàn. Tẹknẹ́tíọ̀mù tí wọ́n fi ń wo inú egungun àti ọkàn, wákàtí mẹ́fà ni àsìkò ìdajì rẹ̀. Èyí tó wọ ara lówùúrọ̀, nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá fi mọ́, ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún ló kù. Ó pẹ́ tó kí dókítà ríran, kò sì pẹ́ tó láti ṣe ara níbi. Áyódíìnì 131, tí wọ́n ń fún àwọn kan tí àìsàn bá wọn ní ibi tí gẹ̀gẹ̀ ti ń yọ lọ́rùn, ọjọ́ mẹ́jọ ni tirẹ̀.

Kò sì yẹ ká máa wò ó bí ohun tó wà ní yàrá àyẹ̀wò tàbí nínú àpáta nìkan. Pòtásíọ̀mù wà nínú iṣu, nínú ẹ̀wà, nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀, láìsí i iṣan kò lè ṣiṣẹ́, ọkàn kò sì lè lù. Díẹ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ pòtásíọ̀mù 40, tó ń tan ìtànṣán. Nínú ara àgbàlagbà kan, èyí tó ń yí padà nínú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan lé ní 4,000, bí ẹni náà ń sùn, bí ó ń jẹun, bí ó ń gbàdúrà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn di kálísíọ̀mù, irú èyí tó wà nínú egungun. Ìyókù di ágọ́ọ̀nù, gáàsì tí kì í bá ohunkóhun ṣe pọ̀. Ohun kan náà ló ti ń ṣẹlẹ̀ nínú àpáta láti ọjọ́ tí ilẹ̀ ti dì, ágọ́ọ̀nù rẹ̀ sì ń jáde sí afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀. Nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú ni ágọ́ọ̀nù, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ pátá ló jẹ́ pòtásíọ̀mù nígbà kan rí, ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó dúró bí tuntun nínú òkúta títí ìṣẹ́jú tirẹ̀ fi tó.